Ẹni Tí Ọgbọ́n Rẹ̀ Ṣe Déédéé

Orúkọ mi ni Gbádégẹṣin, iṣẹ́ iná ìpolówó ni mò ń ṣe ní Sabon Tasha, ní ìlú Kaduna. Àwọn iná onígíláàsì gígùn ni mò ń wí, èyí tí à ń fi iná rọ̀ títí á fi ká bí ejò tí inú ń run, tí a fi ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí ojú títì. Fọ́ọ̀mù Tú ni mo kàwé dé. Kì í ṣe pé mo kùnà o, àwọn tíṣà ló rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti iná, ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn. Bí mo bá tan iná kan ní Sabon Tasha, àwọn àkùkọ tó wà ní Zaria á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, àwọn ìyálé á dìde, wọ́n á gbé omi kaná, kí wọ́n tó rí i pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni.

Bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Folúṣadé, ìyàwó mi, ní bí òun náà ṣe máa ń sọ tirẹ̀. Ó ní àgbélébùú oníná tí mo ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ungwan Romi kó gbogbo kòkòrò abìyẹ́ tó wà láti Kachia títí dé Jos jọ, débi pé pásítọ̀ ní láti máa wàásù láìla ẹnu. Ó tún ní ọjọ́ tí tiransifọ́mà gbá mi, irun orí mi dìde, kò sì jókòó títí di ọdún Àjíǹde. Irọ́ ni. Ó jókòó ṣáájú Àjíǹde.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Najeeb. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n bí wa sí nílùú yìí. Bàbá tirẹ̀ wá láti Ọ̀fà, bàbá tèmi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ń lọ mọ́ṣáláṣí, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bí Iléyá bá sì dé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹran ti jinná. Najeeb ló ní ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú gíláàsì wà. Bí a kò bá fa afẹ́fẹ́ inú gíláàsì jáde, iná kì í tàn nínú rẹ̀. Igò gígùn lásán la ṣe. Kò sì sí irú ẹ̀rọ yẹn mìíràn tí àwa oníṣẹ́ kéékèèké lè fọwọ́ kàn ní gbogbo Kaduna. Èmi á tẹ gíláàsì tèmi nílé, màá gbé e lé èjìká, ó di ọ̀dọ̀ Najeeb. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ Najeeb bá kú pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n tẹ́ èmi náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kó erùpẹ̀ bò wá pọ̀.

Ọdún 2011 ni ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mai nama, ìyẹn àwọn tí ń ta ẹran, wá bá Najeeb láti Ungwan Shanu. Ó ní iná funfun tí òun tàn sí ṣọ́ọ̀bù òun ń ba òun lọ́jà jẹ́. Ẹran tí wọ́n pa ní òwúrọ̀, bí iná yẹn bá ti tàn sí i, á dà bí èyí tí wọ́n pa láyé bàbá bàbá òun.

Kí n tó sọ ohun tí Najeeb ṣe, ẹ gbọ́ díẹ̀ nípa iná wa. Lẹ́búlẹ́bú kan wà tí à ń fi kun inú gíláàsì. Lẹ́búlẹ́bú yẹn gan-an ló ń tàn. Oríṣi mẹ́ta ló wà: ọ̀kan ń tàn pupa, ọ̀kan ń tàn bí ewé, ọ̀kan ń tàn búlúù. Bí a bá pò wọ́n pọ̀ dáadáa, iná á funfun. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dà rú fún àlejò ni pé bí ẹ bá ṣí agolo wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló funfun bíi láfún. Pupa funfun, ewé funfun, búlúù náà funfun. Ó di ìgbà tí iná bá wọ inú gíláàsì kí olúkúlùkù tó fi ìwà rẹ̀ hàn, bí ọmọ ìyá nígbà tí à ń pín ogún.

Najeeb bu pupa kún àpòpọ̀ tirẹ̀. Ó pọ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò jù bẹ́ẹ̀. Iná náà tàn sí ṣọ́ọ̀bù mai nama, ẹran tí wọ́n ti gé sórí tábìlì sì fẹ́ dìde kí ó máa jẹko lọ. Àwọn aláṣọ gbọ́, wọ́n wá. Àwọn afọ́tò gbọ́, wọ́n wá. Kò pẹ́, iná Najeeb wà káàkiri ìlú.

Ìgbà náà ni Ẹnjiníà Bádéjọ yọjú. Èèyàn ńlá ni. Ó ní ilé iṣẹ́ iná tó fẹ̀ débi pé èèyàn lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ọ̀dọ́ kí ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí àgbàlagbà. Ó ní òun ti gba pátẹ́ǹtì lórí àpòpọ̀ onípupa náà. Pátẹ́ǹtì ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan tuntun, pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Najeeb dá iṣẹ́ dúró, kí kóòtù sì gba ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ni o.

Najeeb gba lọ́yà kan tó ń jẹ́ Ezra. Ó wá sí ilé iṣẹ́, Hausa ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn, èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì lórí èjìká.

Ezra ní, "Òfin sọ pé bí nǹkan bá jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ kan ṣáá lè ronú kàn fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìhùmọ̀. Ìwé Bádéjọ á ya nìyẹn. Nítorí náà, ẹ bá mi wá oníṣẹ́ iná kan tí kò po irú àpòpọ̀ yìí rí. Kí ó má gọ̀. Kí ó má sì gbọ́n jù. Ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ ṣe déédéé ni mò ń wá."

Kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbìmọ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ kàn yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wẹ̀yìn, kí n mọ ẹni tí wọ́n ń wò. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Kí lẹ ń wò?"

Najeeb ní, "Gbádé, ọ̀rẹ́ mi, wallahi, nítorí ọjọ́ yìí ni Ọlọ́run ṣe dá ẹ."

"Èmi? Èmi tí iná mi ń jí àkùkọ Zaria?"

Ezra bi mí pé, "Ṣé o ti fi pupa kún àpòpọ̀ báyìí rí?"

"Rárá. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń ṣiṣẹ́ fún ò fẹ́ pupa. Búlúù àti funfun ni tiwọn."

"Ìwé ńkọ́?"

"Fọ́ọ̀mù Tú."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ó ti pé."

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Folúṣadé pé wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ pé ọgbọ́n mi kò pọ̀. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín, kí ọbẹ̀ má baà dànù. Ó ní, "Ṣé wọn ò wá ẹlẹ́rìí kejì? Àkọ́sórí ni mo mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ pé. A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, èmi nínú ẹ̀wù kóòtù aláwọ̀ eérú tí mo fi gbéyàwó, tí kò fẹ́ pa bọ́tìnnì dé mọ́. Folúṣadé tún kọ́là mi ṣe. Ó ní, "Àlàó, jọ̀ọ́, jẹ́ kí ẹnu rẹ mọ níwọ̀n lónìí. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ kan bi ẹ́, fi ọ̀rọ̀ kan dá wọn lóhùn." Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń tún irun ẹṣin orí rẹ̀ ṣe. A ò fiyè sí i. Lọ́yà Ẹnjiníà Bádéjọ ni, Morọ́láyọ̀ lorúkọ rẹ̀.

Nítorí pé gẹ̀ẹ́sì mi máa ń gé bí iná ìjọba, Yorùbá ni wọ́n ní kí n sọ, wọ́n sì fún mi ní ògbufọ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí. Adájọ́ obìnrin tó wà lórí àga, ọmọ Ìlọrin ni, ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ títí Fọlábí á fi yí i sí gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín, á tètè mú ojú le, á wá dúró de Fọlábí kí ó tó gbọ́.

Ezra kọ́kọ́ bi mí. Ó ní, "Bí mai nama bá wá bá ọ pé iná funfun rẹ ń mú kí ẹran òun dà bí òkú ọjọ́ pípẹ́, kí lo máa ṣe?"

Mo rántí ọ̀rọ̀ Folúṣadé. Mo ní, "Màá fi pupa kún un."

Ezra jókòó. Inú rẹ̀ dùn. Najeeb, tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mí kanlẹ̀. Bí wọ́n bá ti lé mi sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ìtàn yìí ì bá má gùn tó báyìí.

Morọ́láyọ̀ dìde. Ó rọra rìn wá, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ọmọ tó ń kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀. Ó ní, "Àlàó, ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́. Ìyá mi ti kú. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àlàó mọ́ àfi Folúṣadé, òun náà kì í sì pè é àfi bó bá fẹ́ bá mi wí. Ẹ wá lọ dúró níwájú adájọ́, kí obìnrin tó kàwé dé òkè kúnlẹ̀, kí ó fi oríkì kí yín. Orí mi wú. Ó wú débi pé mo gbọ́ tí òrùlé ń ké.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣe àgbélébùú oníná tó wà ní Ungwan Romi."

"Èmi ni."

"Mo rí i láti ojú ọ̀nà. Mo bi ara mi pé irú ọwọ́ wo ló ṣe èyí."

"Ọwọ́ yìí ni," mo sì gbé e sókè, kí kóòtù rí i.

"Àlàó, gbogbo oníṣẹ́ iná tó wà ní Kaduna yìí, ṣé wọ́n lè ronú kan ohun tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, pé kí a fi pupa kún un?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àwọn wo? Àwọn tó ń mú tíúbù dání bí ẹni mú ìrèké jẹ? Àwọn tí wọ́n bá tan iná, òkùnkùn ń pọ̀ sí i? Ìyá mi, orí pípé nìyẹn. Bí mo ṣe dúró yìí, Ẹlẹ́dàá ò dá méjì mi. Ó dá mi tán, ó ju àmọ̀ tó kù nù."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ó mú ojú le. Fọlábí ń làágùn, ó ń wá gẹ̀ẹ́sì tí yóò gba àmọ̀.

Morọ́láyọ̀ ní, "Nítorí náà, ẹni tó bá ronú kan pupa, ọgbọ́n rẹ̀ ju ti oníṣẹ́ lásán lọ?"

"Ó jù ú lọ bí òkè ṣe ju kùkùté."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ jókòó. Ẹnjiníà Bádéjọ fọwọ́ kàn án léjìká.

Ìgbà náà ni mo bojú wo Ezra. Ó gbé orí lé tábìlì. Mo wo Najeeb. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ronú ohun mìíràn tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́. Mo wá rí ohun tí mo ṣe: mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún adájọ́ pé Bádéjọ hùmọ̀ ohun tí kò sẹ́ni tó lè hùmọ̀ rẹ̀, àfi òun àti èmi. Mo ti ta ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi nítorí Àlàó kan ṣoṣo.

Ezra dìde, òfin gbà á láyè kí ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ṣé òótọ́ ni pé ọgbọ́n rẹ ju ti gbogbo oníṣẹ́ lọ?"

Mo pinnu láti tún un ṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí báyìí, ẹ ti mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe.

Mo ní, "Olúwa mi, irọ́ ni mo pa. Mo gọ̀. Mo gọ̀ débi pé nígbà tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí ní kí wọ́n dá mi padà. Mo ti so wáyà fáànù mọ́ ti agogo ẹnu ọ̀nà rí. Bí àlejò bá tẹ agogo, fáànù á fẹ́ ọbẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Mo fi ẹnu tọ́ wáyà wò kí n mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Iná wà níbẹ̀. Mo tún tọ́ ọ wò kí ó dá mi lójú. Ewúrẹ́ àdúgbò wa máa ń yà fún mi lọ́nà nítorí ó káàánú mi."

Ẹ̀rín bẹ́. Mo gbọ́ ti Folúṣadé láàárín rẹ̀, òun ló dún jù, ó ń ní "òótọ́ ni, òótọ́ ni". Ezra ń fi ọwọ́ ṣe sí mi pé ó tó, ó tó. Mi ò rí i. Mo ti ń sọ ti ọjọ́ tí mo kun gíláàsì ní láfún dípò lẹ́búlẹ́bú.

Morọ́láyọ̀ dìde kíá. "Olúwa mi, kí kóòtù wò ó. Ẹni tó gọ̀ tó báyìí, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé pupa ló yẹ? Àfi kó jẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sọ."

Ó tọ̀nà. Bí mo ga, mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí mo rẹlẹ̀, mo tún bà á jẹ́. Àárín ni wọ́n bẹ̀ mí kí n dúró sí, èmi ò sì dúró ní àárín nǹkan kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u débi pé ó gbàgbé òfin, ó fi Yorùbá bi mí tààrà. Fọlábí náà kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó bá yí Yorùbá adájọ́ sí gẹ̀ẹ́sì fún èmi.

Adájọ́ ní, "Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ẹ fi ewúrẹ́ sílẹ̀. Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ fi pupa kún un?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Olúwa mi. Bí ọbẹ̀ bá funfun, ṣé wọ́n ń kọ́ èèyàn pé kó fi epo kún un?"

"Báwo lẹ ṣe máa mọ ìwọ̀n rẹ̀?"

"Màá bu díẹ̀, màá tàn án, màá wò ó. Bí kò bá tó, màá tún bu díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ojú gbogbo èèyàn á pọ́n bí ojú ẹni tó jí ọtí mu, màá dín in kù."

"Ṣé iṣẹ́ yẹn le?"

"Kò le. Ó kàn ń fẹ́ sùúrù. Kí iná ìjọba má sì lọ."

Ó ní, "Àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ yín, tí ẹ ní wọ́n ń mú tíúbù bí ìrèké. Bí mai nama yẹn bá lọ bá wọn, kí ni wọ́n máa ṣe?"

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù láyé mi, ó dùn mí ju tiransifọ́mà lọ. Nítorí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ mẹ́rìndínlógún tó lẹ́wà ti tò sí ẹnu mi, wọ́n ń ti ara wọn. Mo wo Najeeb. Ó ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n máa fi pupa kún un."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Olúwa mi. Kò sí èyí tí kò ní ṣe é nínú wọn. Mi ò sàn jù wọ́n lọ."

Fọlábí yí i sí gẹ̀ẹ́sì, kò sì ṣòro fún un rárá. Morọ́láyọ̀ dìde, ó tún kúnlẹ̀, ó pè mí ní Àlàó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀méjì. Mo gé ètè jẹ. Mo ní, "Ohun tí mo sọ náà ni, ìyá mi." Ó jókòó.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá kí adájọ́ tó dájọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kà á, Fọlábí jókòó tì mí, ó ń sọ ọ́ sí mi létí. Adájọ́ ní òun gbàgbọ́ pé Ẹnjiníà Bádéjọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò ju ohun tí oníṣẹ́ èyíkéyìí lè ṣe lọ; nítorí náà pátẹ́ǹtì rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní ẹlẹ́rìí tó jẹ́ kí òun rí i kedere ni Gbádégẹṣin, ẹni tó jẹ́ pé, bí a bá yọ ariwo kúrò lára rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ kò ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì rẹlẹ̀ sí i.

Mo ní, "Fọlábí, ṣé bó ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn?"

"Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó sì ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú."

Najeeb gbá mi mọ́ra níta. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ gbé mi sókè, wọ́n ń pariwo "Daidai, Daidai", ìyẹn ni pé èmi ni ẹni tó ṣe déédéé, ní Hausa. Láti ọjọ́ náà, ní Sabon Tasha, bí ẹ bá béèrè Gbádégẹṣin, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Daidai, ajá á mú yín dé ilé mi.

Nígbà tí wọ́n gbé mi sílẹ̀, Folúṣadé wá tún kọ́là mi ṣe.

Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ohun tí adájọ́ sọ nípa rẹ?"

"Mo gbọ́. Ó ní wọ́n wá gbogbo Kaduna, kò sí ẹlòmíràn tó bá a mu bí èmi."

"Ó ní gbogbo èèyàn ló dà bíi rẹ."

"Wò ó, Folúṣadé," mo ní, "àwọn náà ń gbìyànjú."